Ṣé ààlọ́ lè di eré ní Edinburgh?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, mo fẹ́ fi ààlọ́ tí màmá àgbà máa ń pa fún wa ṣe eré, èmi nìkan, ní Fringe, ìyẹn àjọ̀dún eré tí wọ́n máa ń ṣe ní Edinburgh, ní Scotland. Ṣé wọ́n máa gbà mí?

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó ń yan eré níbẹ̀ o, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1947 náà nìyẹn, ẹgbẹ́ òṣèré 8 ló kàn lọ láìjẹ́ pé wọ́n pè wọ́n. Ẹ ṣáà rí gbọ̀ngàn tó gbà yín, kẹ́ ẹ sanwó. Àmọ́ nǹkan bíi wákàtí kan ni ọ̀pọ̀ eré ń lò, ẹlòmíì á sì wọlé kíá lẹ́yìn yín, torí náà ẹ má kẹ́rù rẹpẹtẹ lọ, àga kan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti tó. Ààlọ́ yẹn gan-an niṣẹ́ wà, ẹ má jókòó kọ ọ́ bí ìwé, ẹ pa á fún èèyàn méjì ní pálọ̀, ibi tójú wọn bá ti kúrò lára yín, ẹ gé e dànù. Orin inú ẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́! Ẹ kọ́kọ́ kọ́ àwọn òyìnbó ní ègbè ẹ̀, ẹ pe "Ààlọ́ o", ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá dáhùn "Ààlọ̀", ìgbà yẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀.