Ọjà mi ti dẹnu kọlẹ̀, báwo ni mo ṣe lè fi ojú tuntun wo ayé mi?

Ẹ kú ìfaradà, ìyá wa. Ẹ ní aṣọ tí ẹ ń tà ní Òkè-Ajé, n'Ìjẹ̀bú-Òde, kò tà mọ́, ọkàn yín ò sì kúrò lórí àdánù náà. Ẹ̀pa ń bẹ. Ọpọlọ àgbàlagbà ṣì ń kọ́ ọ̀nà tuntun.

Ẹ fi ìwé kíkọ bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwádìí James Pennebaker, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá, tó jáde ní 1986 ní Amẹ́ríkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ohun tó dùn wọ́n jù sílẹ̀, ìṣẹ́jú 15 lálẹ́, alẹ́ 4 léraléra. Inú wọn kọ́kọ́ bàjẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù 6, àwọn tó kọ ọ̀ràn náà pẹ̀lú bó ṣe rí lára wọn kò lọ sílé ìwòsàn tó àwọn yòókù. Ẹ kọ ọ́ ní Ìjẹ̀bú yín gan-an, ẹnikẹ́ni ò ní kà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ jókòó ti ẹni tó ń yan gàrí. Ẹ bi í bó ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ rírin ti kan tó. Kò pọn dandan kí ẹ tà á. Kí ojú yín ṣáà rí nǹkan mìíràn.

Bí oorun àti oúnjẹ bá kọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ 2, ẹ tètè lọ rí dókítà, bí àpẹẹrẹ ní OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo, ní Ṣágámù.