Iṣẹ́ Tí Kò Ní Aago Ìparí: Ìbéèrè Àwọn Ọ̀dọ́ Pásítọ̀ àti Ìdáhùn Wa

Lẹ́tà tí a rí gbà lórí iṣẹ́ pásítọ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. A ti da àwọn tó jọra pọ̀, a gé wọn kúrú, a sì bo orúkọ àwọn tó kọ wọ́n. A gbé ti ìyàwó pásítọ̀ kan ṣíwájú, torí òun ló tẹ ojú egbò náà gan-an.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọdún kejì rèé tí ọkọ mi ti di pásítọ̀. Fóònù rẹ̀ kì í sùn. A ń jẹun, ó dún. Ọmọ ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá hàn án, ó dún. Òru, ó dún. Bí mo bá wí, á ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni pé mo ń fẹ́ ọkọ mi nílé?

Ìdáhùn: Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ o, mà. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ló ní ìgbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ wọn. Ti pásítọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: àìsàn ọmọ ìjọ kì í tán, ìbéèrè wọn kì í tán. Bí òun fúnra rẹ̀ kò bá lu aago ìparí, kò sẹ́ni tó máa bá a lù ú. Nínú Tímótì Kìíní orí 3, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń ka ohun tó yẹ kó wà lára alábòójútó, ilé ló fi ṣe òṣùwọ̀n: ẹni tí kò mọ ilé ara rẹ̀ í bójú tó, báwo ni yóò ṣe bójú tó ìjọ? Ẹ wo àlùfáà Élì. Òun ló kọ́ Sámúẹ́lì bí a ṣe ń dá Ọlọ́run lóhùn, síbẹ̀ àwọn ọmọ tirẹ̀ méjèèjì ń ba ẹbọ jẹ́ lójú rẹ̀, kò sì ká wọn lọ́wọ́ kò.

Ẹ má bá a sọ ọ́ nígbà tí fóònù ń dún lọ́wọ́. Ìbínú ni yóò gbọ́, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ wá ìgbà tí ara rọ̀ yín, kí ẹ sì ní kó ṣe ohun kan fún ọjọ́ méje péré: kó máa kọ gbogbo ìpè tó wọlé sínú ìwé, aago tó wọlé, ohun tí wọ́n fẹ́, àti bóyá ó lè dúró di ọjọ́ kejì. Kó má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí àṣírí. Nígbà tí ọjọ́ méje bá pé, ìwé náà ni yóò bá a sọ̀rọ̀. Yóò rí i pé èyí tó pọ̀ jù jẹ́ aago mélòó la ń pàdé, ta ló mú kọ́kọ́rọ́, ta ni yóò darí orin. Akọ̀wé ìjọ ló ni irú ìpè bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ jọ sọ ohun tí pàjáwìrì jẹ́. Lójú wa, márùn-ún ni: ikú, ìjàm̀bá, ẹni tí wọ́n sáré gbé lọ sílé ìwòsàn, ẹni tí wọ́n ń lù nínú ilé, àti ẹni tó ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun. Wọ́n lè jí pásítọ̀ lóru nítorí wọn. Ìyókù á dúró dòwúrọ̀. Kó gbé fóònù sí yàrá mìíràn láti ìgbà oúnjẹ alẹ́ títí àwọn ọmọ yóò fi sùn, kí alàgbà kan máa gba ìpè ní wákàtí náà, kí alàgbà ọ̀hún sì ní nọ́ńbà yín. Alàgbà náà ni kó kéde rẹ̀ fún ìjọ, fún ọjọ́ Àìkú méjì léraléra. Bí pásítọ̀ bá fẹnu ara rẹ̀ kéde rẹ̀, àwọn kan á pè é ní ọ̀lẹ.

Ibi tí nǹkan ti ń bà jẹ́ nìyí: ní bí ọ̀sẹ̀ kejì, pásítọ̀ á fèsì àtẹ̀jíṣẹ́ “kékeré” kan ní aago mẹ́jọ alẹ́. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé ọgbà náà ní ojú ihò.

Ní ti ọjọ́ ìsinmi, ọ̀pọ̀ pásítọ̀ ń mú ọjọ́ Ajé. A kò fara mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ti fa gbogbo agbára inú rẹ̀ tán, nítorí náà àṣẹ́kù ni ilé máa ń rí lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọmọ á sì ti lọ sílé ẹ̀kọ́. Kó fi òwúrọ̀ Ajé sùn, kó sì fi odindi ọjọ́ Àbámẹ́ta fún ilé. Ìyẹn ṣeé ṣe bí ìwàásù bá ti parí lọ́jọ́ Ẹtì, èyí tó mú wa dé lẹ́tà kejì.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un ná: kó má fi àṣìṣe ọmọ yín ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ọmọ tó gbọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀ lórí pẹpẹ kò ní rò ó nílé mọ́.

Ìbéèrè: Alẹ́ Àbámẹ́ta ni mo máa ń kọ ìwàásù, nígbà míì títí di aago méjì òru. Mo sì máa ń sọ ju àkókò lọ. Báwo ni mo ṣe lè tún un ṣe?

Ìdáhùn: Wákàtí mẹ́jọ tí a pín sí ọjọ́ mẹ́rin dára ju wákàtí mẹ́jọ tí a kó jọ sí òru kan lọ, nítorí ọ̀rọ̀ a máa hó nínú ẹni nígbà tí a kò tilẹ̀ jókòó tì í.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ fi wákàtí méjì ka ibi tí ẹ fẹ́ wàásù lé lórí sókè, ní ìgbà márùn-ún, kí ẹ sì ka orí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ má tíì ṣí ìwé àlàyé kankan. Ẹ kọ ohun tó ṣòro fún yín níbẹ̀. Ohun tó ṣòro fún yín ni yóò ṣòro fún àwọn tó ń gbọ́. Lọ́jọ́rú, wákàtí kan péré: ẹ fi gbólóhùn kan, tí kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, sọ ohun tí ẹsẹ náà ń wí. Bí ẹ kò bá rí i kọ, ìwàásù náà kò tíì pọ́n, ẹ padà lọ kà á. Ọjọ́bọ̀ ló tó àsìkò láti ṣí ìwé àlàyé, fún wákàtí mẹ́ta, kí ẹ sì to egungun ìwàásù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí ìwé àlàyé, ohùn ẹlòmíràn ni yóò máa gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ kọ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ní kíkún, torí ibẹ̀ la ti máa ń ṣìnà. Ẹni tí kò kọ ìparí rẹ̀ ló ń sọ “ní ìparí” lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wá dìde dúró, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ sókè pẹ̀lú aago. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fún yín, kó parí ní ìṣẹ́jú 25 nílé: ṣíṣí Bíbélì, àmín àti ìdánudúró yóò jẹ ìyókù. Bó bá gùn jù, ẹ yọ kókó kan kúrò pátápátá. Ẹ má sáré sọ̀rọ̀ láti fi dí i.

Ọ̀sẹ̀ ìsìnkú ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ àìsàn ń bọ̀. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ tó dákẹ́ kọ ìwàásù méjì pa mọ́ fún un. Bí ẹ bá sì mú ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ oníwàásù mìíràn, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba.

Ìbéèrè: Mo ń wàásù, àwọn ènìyàn ń yọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá kúnlẹ̀ lémi nìkan, bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ni. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé wákàtí mélòó lẹ ń sùn. Nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 19, Èlíjà jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì kò bá a wí, kò sì ní kó gbààwẹ̀. Èlíjà sùn, ó jẹun. Ó tún sùn, ó tún jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó rin ìrìn ogójì ọjọ́ dé Hórébù, níbi tó ti gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ohun táa máa ń pè ní ọ̀gbẹlẹ̀ ẹ̀mí, nígbà míì àárẹ̀ ara ni.

Ìdí kejì ni pé iṣẹ́ ti gba Bíbélì lọ́wọ́ yín. Gbogbo ẹsẹ tí ẹ bá ṣí, ìwàásù lẹ ń wá níbẹ̀. Ẹ mú Bíbélì mìíràn tí ẹ kò ní fi wàásù, tí kò ní sí bírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa fi Sáàmù gbàdúrà. Àádọ́jọ ni wọ́n. Márùn-ún lóòjọ́ yóò parí wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́. Lọ́jọ́ kìíní oṣù, ẹ ka 1, 31, 61, 91 àti 121. Lọ́jọ́ kejì, 2, 32, 62, 92 àti 122, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Sáàmù 119 gùn, ẹsẹ 176 ni, ẹ fi í pa mọ́ de ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ẹ ó bá Sáàmù 88 pàdé, òkùnkùn ló sì fi parí, kò sí ọpẹ́ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ wọ́n kò yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì.

Ẹ wá pásítọ̀ àgbà kan tí kì í ṣe ọmọ ìjọ yín, tí kò sì ní ipò lórí yín, kí ẹ máa rí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ọmọ ìjọ kò lè gbé irú ẹrù yìí. Bí ìbànújẹ́ bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí oorun tàbí oúnjẹ dàrú, tí ohunkóhun kò mú inú yín dùn mọ́, ẹ lọ rí dókítà. Bí ìrònú ikú bá wọlé, ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnì kan sì tẹ̀ lé yín.

Ìbéèrè: Ìjọ wa kéré. Èmi ni mò ń ka ọrẹ, èmi ni mò ń gbé e lọ sí bánkì. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kò jalè.

Ìdáhùn: A gbà yín gbọ́, àmọ́ kò sí ìwé kan tó lè jẹ́rìí yín. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kó owó ìrànlọ́wọ́ jọ, àwọn ìjọ ló yan ẹni tí yóò bá a rìn, ó sì sọ ìdí rẹ̀ nínú Kọ́ríńtì Kejì orí 8: kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹ̀sùn kà sí wọn lọ́rùn.

Ènìyàn méjì tí kì í ṣe ìbátan ara wọn ni kó máa kà á. Kì í ṣe ẹ̀yin, kì í ṣe ìyàwó yín. Ẹ máa pààrọ̀ wọn lóṣooṣù. Kí wọ́n kà á nínú ilé ìjọsìn kí wọ́n tó jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí iye méjèèjì kò bá bára mu, kí wọ́n tún un kà. Wọn á kọ ọjọ́, iye ọrẹ, iye ìdámẹ́wàá àti àpapọ̀ sórí ìwé, wọn á fọwọ́ sí i, ẹ̀dà kan á lọ sọ́dọ̀ akápò. Owó náà á dé bánkì lọ́jọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, wọn á sì so ìwé bánkì mọ́ ìwé ìkàwó. Ní òpin oṣù, ẹni tí kò kà á rí á fi àkọsílẹ̀ bánkì wé àwọn ìwé náà.

Ẹ má yọ owó epo ẹ̀rọ tàbí owó àtúnṣe nínú ọrẹ kó tó dé bánkì, bó ti wù kó kéré tó. Ibẹ̀ ni gbogbo ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, torí iye bánkì kò ní bá ìwé mu mọ́. Fún ìnáwó wẹ́wẹ́, ẹ ya iye kan pàtó sọ́tọ̀ sínú àpótí; owó tó kù àti rìsíìtì, bí a bá pa wọ́n pọ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ iye yẹn nígbà gbogbo. Ẹ má yá nínú rẹ̀, kódà fún ọjọ́ kan. Kí ìgbìmọ̀ ìjọ sì pinnu iye owó oṣù yín nígbà tí ẹ kò sí níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ bàbá mi ni àwọn alàgbà ìjọ tí wọ́n gbé mi lọ. Gbogbo ohun tí mo bá dá lábàá, wọ́n á ní “ọmọdé ni”.

Ìdáhùn: Ọmọdé náà ni yín, kí ẹ má jiyàn rẹ̀. Tímótì Kìíní orí 5 ní kí a gba àgbà níyànjú bíi bàbá, kì í ṣe kí a bá a wí. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ má yí aago ìsìn, ètò ìjókòó tàbí ẹgbẹ́ akọrin padà, àyàfi ohun tó bá lè pa ènìyàn lára tàbí tó ń ba owó jẹ́. Ẹ lọ kí alàgbà kọ̀ọ̀kan nílé láàárín oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè méjì péré: kí ni ìjọ yìí ti là kọjá, kí ni kò gbọdọ̀ sọnù níbẹ̀? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí ẹ bá délé. Nígbà tí ẹ bá wá fẹ́ dá àbá, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ bá ẹni tó ṣeé ṣe kó takò ó jù, ní ìdákọ́ńkọ́, ṣáájú ìpàdé.