Táyà ni kó o kọ́kọ́ rà, kó o tó máa fi AWD yangàn

Àbúrò, o ní oṣù Kẹsàn-án ni ìwọ àti ìyàwó rẹ ń lọ sí Montreal ní Canada, pé WRX, ọkọ̀ Subaru kan, lo fẹ́ rà tẹ́ ẹ bá ti gúnlẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ kan wá ní kó o má wulẹ̀ náwó sí táyà yìnyín, pé ọkọ̀ AWD, ìyẹn èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, kì í yọ̀. Ìwọ náà fi tìrẹ kún un: ẹni tó ti ń wakọ̀ lójú òjò láti Lẹ́kì dé Àjá fún ọdún 8, kí ni yìnyín fẹ́ fi hàn án? Ẹ̀rín pa mí. Ọ̀rọ̀ tí èmi náà sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn, mo sì jẹ iyán rẹ̀ níṣu.

Ọdún 6 ni mo lò ní Montreal kí n tó padà sí Sùúrùlérè tí mo wà yìí. Oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ni mo ra WRX tèmi, ti ọdún 2016, gíà ọwọ́, aláwọ̀ búlúù. Táyà ìgbà ooru ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọkùnrin tó tà á fún mi sì kìlọ̀ pé kí n tètè pààrọ̀ wọn. Òfin Quebec, ìpínlẹ̀ tí Montreal wà, ni pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, táyà yìnyín gbọ́dọ̀ wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Èmi wá ṣe bí ọmọ Èkó tó ń dúró kí wọ́n kọ́kọ́ dá a dúró lójú títì kó tó lọ ṣe pépà ọkọ̀ rẹ̀. Tí òfin bá ní oṣù Kejìlá, kí ni mò ń kánjú sí?

Yìnyín ò dúró de òfin. Àárín oṣù Kọkànlá ló já, ó sì já mọ́jú. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo gun òkè Côte-des-Neiges. Àwọn ọkọ̀ kan ń yí táyà lójú kan níbẹ̀, wọn ò lè lọ síwájú. Tèmi gun òkè yẹn bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ilé bàbá rẹ̀. Orí mi wú. Díẹ̀ ló kù kí n pe ìyá mi lórí fóònù.

Mo yà sí àdúgbò kékeré kan tó dagẹ̀rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Pátákó ARRÊT wà níwájú, bí wọ́n ṣe ń kọ "dúró" níbẹ̀ nìyẹn. Mi ò sáré, 30 km/h péré ni mo wà. Mo tẹ búréèkì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí lẹ́sẹ̀, gbì-gbì-gbì, ABS tí kì í jẹ́ kí búréèkì há táyà mọ́lẹ̀ nìyẹn, ọkọ̀ sì ń lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, ó ń lọ. Mo yí sítíárín sí ọ̀tún, imú ọkọ̀ ò tiẹ̀ bojú wo ọ̀tún. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé kò sí ariwo kankan. Ní Èkó, kí ọkọ̀ tó gbá nǹkan, táyà á ti ké, kọ́ńdọ́ á ti ṣépè, ìyá kan lẹ́yìn ọkọ̀ á ti máa pe Jésù. Èmi jókòó bí ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú omi, mò ń wo pátákó náà bó ṣe ń kọjá jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò mi. Bàbá kan tó ń kó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ dúró, ó ń wò mí. Etí títì ló gbà mí. Rímù kan tẹ̀, lower arm, irin tó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú lábẹ́, tẹ̀ lé e. Ọlọ́run ló yọ mí pé ọkọ̀ kankan ò bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́.

Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ ò mọ̀ rèé. AWD ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tó o bá tẹná. Tó o bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, tó o tẹ búréèkì, kò ní iṣẹ́ kankan tó ń bá ọ ṣe mọ́. Corolla tí táyà iwájú nìkan ń fà náà, búréèkì mẹ́rin ló ní. Tó bá di ọ̀rọ̀ ìdúró, ẹgbẹ́ ni yín. Ibi tó tún burú sí ni pé Corolla á ta ọ́ lólobó. Bó bá fẹ́ gbéra, táyà iwájú á yí lásán, wà á mọ̀ pé ilẹ̀ ń yọ̀, wà á sì sọ́ra. AWD ò ní sọ nǹkan kan fún ọ. Á gbéra bíi pé ilẹ̀ gbẹ, wà á ti dé 60 kó o tó mọ̀, ọjọ́ tó o bá ní kó dúró ló tó máa sọ òótọ́. Bí ọkọ̀ bá wá lágbára bíi WRX, kíá ló ń gbéni débẹ̀.

Rọ́bà táyà ooru dà bíi pọ̀nmọ́. Nínú ooru, ó rọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ títì. Bí otútù bá ti bọ́ sísàlẹ̀ 7°C, ńṣe ló máa ń le bíi pọ̀nmọ́ gbígbẹ tí wọn ò tíì rẹ sómi, kódà kí yìnyín má tíì sí nílẹ̀. Rọ́bà táyà yìnyín kì í le bẹ́ẹ̀ nínú otútù, wọ́n sì la ojú rẹ̀ wẹ́wẹ́ kó lè máa di ilẹ̀ mú. Wo ẹ̀gbẹ́ táyà kó o tó sanwó: àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí èérún yìnyín wà nínú rẹ̀ lò ń wá. Tó bá jẹ́ M+S (ìyẹn ẹrẹ̀ àti yìnyín) nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, fi sílẹ̀, Quebec ò kà á sí táyà yìnyín. Wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà DOT ara táyà náà, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2321 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2021. (Ó wúlò ní Ládípọ̀ níbí náà o. Àwọn táyà tòkúnbọ̀ kan wà tí wọ́n fi nǹkan dúdú kùn tó ń dán gbinrin, tó jẹ́ pé wọ́n ti tó ẹni tó ń lọ ilé ìwé.)

Mẹ́rin ni kó o rà o, má ṣe ra méjì torí pé o fẹ́ ṣọ́ owó ná. Èkó níbí tí kò sí yìnyín ni mo ti kọ́ ìyẹn. Mo kó ọkọ̀ náà wálé. Lọ́dún tó kọjá, kòtò kan lọ́nà Òṣòdì sí Àpápá la táyà kan. Fọkanáísà tó wà nítòsí ní tòkúnbọ̀ kan tó jẹ́ nọ́ńbà kan náà, 235/45R17. Mo sanwó, mo bá tèmi lọ. Àwọn mẹ́ta tó kù ti jẹ, ojú èyí ṣì jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ro ìyẹn? Lẹ́yìn bí oṣù méjì, tí mo bá fẹ́ ya wọ kọ́ńpáùǹdù wa, tí mo yí sítíárín dópin, ọkọ̀ á máa ta gìrì, bíi pé ẹnì kan so okùn mọ́ ọn nídìí. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní gíábọ́ọ̀sì ti lọ. Bàbá kan ní Ládípọ̀ ò tiẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fi okùn wọn àyíká táyà kọ̀ọ̀kan, ó fi ìka mú ibi tí okùn parí sí, ó gbé e wá síwájú mi. "Ọ̀gá, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín ò dọ́gba." Táyà tó tóbi ò lè yí iye ìgbà tí àwọn tó kéré ń yí. Difaranṣíà àárín, tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn, ń ṣiṣẹ́ láìsinmi bíi pé ilẹ̀ ń yọ̀ lójoojúmọ́, ó gbóná títí ó fi bàjẹ́. Subaru ò fẹ́ kí ìyàtọ̀ àyíká àwọn táyà ju nǹkan bí 6 mm lọ. Owó tí mo fi tún un ṣe á ra táyà tuntun mẹ́rin, ṣéńjì á tún kù.

Ní ti wíwà á gan-an, kò le. Ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́, ọwọ́ jẹ́jẹ́. Tó bá di ìkọ́nà tí imú ọkọ̀ ò yà, má fi kún sítíárín, má sì tẹná. Dẹ ẹsẹ̀, dá sítíárín padà díẹ̀, táyà á di ilẹ̀ mú padà. Láàárọ̀ Sunday àkọ́kọ́ tí yìnyín bá já, wá ibi ìgbọ́kọ̀sí ńlá kan tó ṣófo, sá 30, kó o tẹ búréèkì kanlẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ lè mọ bí ABS ṣe ń gbáni. Tó bá ń gbá ọ, má gbẹ́sẹ̀ kúrò. Orí afárá ló máa ń kọ́kọ́ dì, torí atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ lókè, ó ń fẹ́ ẹ nísàlẹ̀. Ọjọ́ tí otútù bá sì wà ní bíi 0°C, tí omi wà lójú yìnyín, ni kó o bẹ̀rù ju ọjọ́ tó bá dé -20 lọ.

Òjò Lẹ́kì tó o fi ń yangàn yẹn kọ́ ọ ní sùúrù, mo gbà. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, tí omi bá gbé táyà lé tó o wà lórí eré, AWD ò ní mọ̀ ọ́ rí.

Má fi omi lásán sínú ike tí wọ́n fi ń fọ gíláàsì iwájú, á dì. Tètè gba ọjọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń pààrọ̀ táyà láti oṣù Kẹwàá, torí tó bá di oṣù Kọkànlá, ìlà wọn gùn ju ti ilé epo nígbà tí epo bá wọ́n. Rímù mẹ́rin tí mo fi ń lo táyà yìnyín ṣì wà ní gáréèjì ọ̀rẹ́ mi kan ní Laval, nítòsí Montreal. Táyà orí wọn ti kú, àmọ́ kò sí èyí tó tẹ̀ nínú wọn. Tó bá jẹ́ 2015 sí 2021 ni WRX tó o rí rà, wọ́n á wọ̀ ọ́. Sọ fún mi kó o tó lọ, màá sọ fún un kó má tà wọ́n.