Èsì: Síkéèlì wúrà tí kì í dúró sójú kan

Àǹtí mi, ẹ ní òrùka wúrà tó wọ̀n gíráàmù 4.21 láàárọ̀ di 4.35 lọ́sàn-án, ẹ wá ń bèèrè bóyá síkéèlì kékeré yín ti bàjẹ́. Ẹ má tíì jù ú nù o. Ẹ kọ́kọ́ pa fáànù. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìdúmọ̀tà níbí, atẹ́gùn fáànù nìkan ti tó láti mú kí nọ́ńbà máa jó. Jẹnẹrétọ̀ tó ń mi tábìlì náà ń dà á láàmú. Orí pèpéle símẹ́ǹtì ni mo gbé tèmi sí. Bátìrì tó ti ń kú náà máa ń jẹ́ kó purọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ mí lógún jù nìyí: ẹ ra irin ìwọ̀n tí wọ́n kọ iye gíráàmù sí lára. Ẹ̀mú kékeré ni kẹ́ ẹ fi gbé e, torí òógùn àti òróró ọwọ́ ń lẹ̀ mọ́ ọn. Láràárọ̀, tí mo bá ti tan síkéèlì tó sì ti móoru díẹ̀, irin yẹn ni mò ń kọ́kọ́ gbé lé e, kí n tó wọn wúrà oníbàárà kankan. Tí nọ́ńbà ò bá bá ti ara irin mu, ẹ tẹ bọ́tìnnì CAL, ìyẹn èyí tó ń tún síkéèlì ṣètò kí ìwọ̀n rẹ̀ lè péye, kẹ́ ẹ tún irin náà wọ̀n.