Fóònù Ni Mo Ń Kọ́kọ́ Kí Láàárọ̀: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́wẹ́ ni mò ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aago 4:30 ìdájí ni mò ń jáde, n kì í sì í wọlé kó tó di aago 9 alẹ́. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún, mo ní màá ka Bíbélì tán lọ́dún kan, àmọ́ Léfítíkù ni mo bá a dé. Ní báyìí, bí mo bá ti lajú, fóònù lọwọ́ mi ń wá. Mo fẹ́ràn Olúwa, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bíi pé ìgbàgbọ́ mi ń rù. — *Arábìnrin kan, Mọ́wẹ́*

Ìdáhùn: Arábìnrin wa, ẹ kú wàhálà ọ̀nà. Ẹ tún òwe afúnrúgbìn kà nínú Mátíù orí 13. Ẹ̀gún ò fa irúgbìn tu níbẹ̀. Wọ́n jọ hù ni, ó sì ń fún un pa díẹ̀díẹ̀. Ní ẹsẹ 22, Jésù dárúkọ ẹ̀gún ọ̀hún: àníyàn ayé àti ìtànjẹ ọrọ̀. Iṣẹ́, owó iléèwé ọmọ, bọ́ọ̀sì tí kò tètè dé, kò séyìí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú wọn, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í fura sí wọn.

Léfítíkù kọ́ ló dá yín dúró. Orí 1,189 ló wà nínú Bíbélì. Ẹni tó fẹ́ kà á tán lọ́dún kan á máa ka ju orí 3 lọ lójúmọ́. Bó bá fo ọjọ́ 4 péré, ó ti jẹ gbèsè orí 13. Gbèsè yẹn ló ń léèyàn sá. Ẹ mú Májẹ̀mú Tuntun: orí 260 ni. Orí kan lójúmọ́, láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ọ̀sẹ̀ 52 gééré ló máa gbà. Sátidé wà fún èyí tí ẹ bá fò. Èyí tí Sátidé ò bá ká, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ máa bá a lọ níbi tí ètò dé. Ẹ fi Máàkù bẹ̀rẹ̀, orí 16 péré ni, ìtàn rẹ̀ sì ń yára.

Alẹ́ ni ẹ ti máa ṣẹ́gun òwúrọ̀. Ẹ ra aago tábìlì tó ń dún, kí ẹ sì máa sáájì fóònù ní pálọ̀. Àláàmù ló sábà ń gbé fóònù síni lọ́wọ́: èèyàn fẹ́ pa á, ló bá rí iṣẹ́ WhatsApp. Ẹ ṣí Bíbélì onítàkàdá sí orí tó kàn, kí ẹ gbé e lé báàgì iṣẹ́ yín, kó má ṣeé ṣe láti jáde láì fọwọ́ kàn án. Ẹ kà á sókè, ẹ gbàdúrà lórí ohun kan tí ẹ rí níbẹ̀, kí ẹ tó lọ mú fóònù. Ìṣẹ́jú 15 tó. Ẹ má wulẹ̀ ṣèlérí wákàtí kan. Ara tó ń jí ní ìdájí ò ní í gbà, ẹ̀rí ọkàn á sì máa dá yín lẹ́bi lásán.

Ìbéèrè: Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní ìlú Ọba, òru lọ̀pọ̀ ìgbà. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti rí Sọ́ńdè lọ ṣọ́ọ̀ṣì. — *Arákùnrin kan, London*

Ìdáhùn: Dáníẹ́lì wà ní ilẹ̀ àjèjì bíi tiyín, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn alákòóso 3 tí Dáríúsì fi sórí ìjọba rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló ń kúnlẹ̀ nínú yàrá òkè. Àkókò rẹ̀ dúró ṣinṣin débi pé àwọn ọ̀tá mọ ibi tí wọ́n ti máa bá a.

Aago tiyín ń yí, nítorí náà ẹ so àdúrà mọ́ ohun tí kì í yí. Bí ẹ bá ti bọ́ bàtà lẹ́yìn iṣẹ́ òru, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ tó wẹ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì, oorun ló máa ṣe àmín. Orin Dáfídì 119 dára fún irú yín: ìpín 22 ni, ẹsẹ 8 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìpín kan lọ́sẹ̀, ẹ máa tún un kà títí yóò fi wọlé.

Ti Sọ́ńdè le díẹ̀, a ò ní í tàn yín. Lọ́jọ́ tí ètò iṣẹ́ bá jáde, ẹ fa ìlà sábẹ́ Sọ́ńdè tí ẹ ò ní iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó fi iṣẹ́ àfikún (overtime) lọ̀ yín. Èyí tí ẹ ti fàlà sí, ẹ má tà á. Kí ẹ sì ti pinnu iye iṣẹ́ àfikún tí ẹ máa gbà lóṣù kí oṣù tó wọlé, torí ìgbà tí wọ́n bá pe fóònù lójijì, owó nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀. Bí Sọ́ńdè bá bọ́, ẹ bi pásítọ̀ nípa ìsìn àárín ọ̀sẹ̀ tàbí àdúrà ilé-dé-ilé tó sún mọ́ yín.

Ìbéèrè: Mo wà nínú kọ́áyà, mo jẹ́ akápò ẹgbẹ́ ìyá, mo tún ń kọ́ àwọn ọmọdé. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mò ń wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ n kì í ráyè dá gbàdúrà. — *Màmá kan, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Màmá wa, iṣẹ́ Màtá nínú Lúùkù orí 10 kì í ṣe iṣẹ́ burúkú, Jésù fúnra rẹ̀ ló ń dáná fún, àmọ́ iṣẹ́ náà pọ̀ débi pé kò ráyè jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ Jésù bíi ti Màríà àbúrò rẹ̀. Ẹ mú iṣẹ́ kan tí ẹ mọ̀ pé ọwọ́ yín ni Ọlọ́run fi sí, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Ẹ má kàn ṣàdédé dáwọ́ dúró o. Ẹ sọ fún àwọn alága ní oṣù kan ṣáájú, ẹ ṣírò owó ẹgbẹ́ níṣojú wọn, kí ẹ sì mú ẹni tó máa gba ipò yín mọ́ra títí yóò fi mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn alẹ́ tó bá ṣí sílẹ̀ fún yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún fi ìgbìmọ̀ mìíràn dí i.