Òru márùn-ún ní Cape Town àti oko wáìnì: ibo la máa sùn, ibo la máa jẹun, ta ló máa wakọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Èmi àti ọkọ mi pẹ̀lú tọkọtaya kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wa fẹ́ lọ ṣe àyájọ́ ìgbéyàwó wa ní Cape Town, òru márùn-ún, ìparí oṣù kejì wọ oṣù kẹta. Àwa mẹ́ta la fẹ́ràn wáìnì, ọkọ mi ní tiẹ̀ kì í fẹnu kan ọtí rárá. Ẹnì kan ní ká gba hòtẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ní ìgboro ká máa ti ibẹ̀ lọ ká máa bọ̀, ẹlòmíì ní ká lọ sùn sí oko wáìnì gan-an. Èwo ló dáa jù? Ṣé ká háyà mọ́tò kí ọkọ mi máa gbé wa kiri? Àti pé ìgbà wo ló yẹ ká ti búùkù ilé oúnjẹ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra o, ẹ sì kú oríire àyájọ́, ẹ ó ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, mo máa ń bá àwọn èèyàn to ìrìn àjò Cape Town, ohun tí mo sì kọ́kọ́ máa ń sọ fún wọn ni pé kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì la kọ́kọ́ ń wá, tábìlì oúnjẹ ni. Hòtẹ́ẹ̀lì pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra, tí ọ̀kan bá kún ẹ máa rí òmíì, àmọ́ àwọn ilé oúnjẹ tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, bíi La Colombe àti FYN, àwọn èèyàn ti máa ń gba àyè níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀, nígbà míì oṣù. Oúnjẹ ọ̀sán ní oko wáìnì náà kì í ṣe oúnjẹ kíákíá o, ẹ lè jókòó láago méjìlá ààbọ̀ kí ẹ má dìde títí di aago mẹ́ta ààbọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá ti rí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ gbà, ọjọ́ yẹn ti tán nìyẹn, ibi tí ẹ máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Tábìlì ló ń yan ọjọ́, ọjọ́ ló ń yan bẹ́ẹ̀dì.

Torí náà ìdáhùn mi sí ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ pín in: òru mẹ́ta ní ìgboro, òru méjì ní oko wáìnì, kí oko wáìnì sì jẹ́ ìkẹyìn. Ìdí tí mo fi ní kó jẹ́ ìkẹyìn ni pé pápákọ̀ òfurufú Cape Town ò sí ní àárín ìlú, ó wà lójú ọ̀nà N2, nǹkan bíi 20 kìlómítà sí ìgboro, ìhà ibẹ̀ náà lẹ máa gbà tí ẹ bá ń lọ Stellenbosch, ìlú kan tí oko wáìnì yí ká, tí òun jẹ́ nǹkan bíi 50 kìlómítà sí ìgboro. Tí ẹ bá parí sí oko, láti ibẹ̀ lẹ ti máa lọ wọ báálù, ẹ ò ní padà wọ inú gosilóò ìgboro mọ́. Àwọn tó ní kẹ́ ẹ máa lọ kẹ́ ẹ máa bọ̀ lójoojúmọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe lóòótọ́, àmọ́ wákàtí méjì sí mẹ́ta lẹ máa máa fi jókòó sínú mọ́tò lójúmọ́, ẹ sì máa máa ti ibi tó dùn dìde nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn.

Ìdí kejì ni atẹ́gùn. Atẹ́gùn kan wà ní Cape Town tó máa ń fẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti gúúsù ìlà oòrùn ló ti ń bọ̀, àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní Cape Doctor, wọ́n ní ó ń gbá ìdọ̀tí ìlú lọ. Oṣù kejì ṣì wà nínú àsìkò ẹ̀. Ọjọ́ tó bá fẹ́ dáadáa, ìkúùkù funfun á bo orí Table Mountain pátápátá, kébù káà, ìyẹn ọkọ̀ orí okùn tó ń gbé èèyàn gun òkè náà, ò ní ṣiṣẹ́, nígbà míì ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ Robben Island náà ò ní gbéra. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ fi sílẹ̀ fún ìgboro, atẹ́gùn ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kàn máa yí i padà ni. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá jí tí ẹ rí orí òkè yẹn kedere, ẹ pa gbogbo ohun tí ẹ ti tò tì, ẹ gbéra. Òkè yẹn lé ní 1,000 mítà, ọdún 1929 ni kébù káà ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa gbé yín dé òkè, ilẹ̀ inú ẹ̀ sì máa ń yí po díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń gòkè, torí náà ẹ má bá ẹnikẹ́ni du ẹ̀gbẹ́ fèrèsé o, gbogbo yín lẹ máa kàn án. Ẹ mú súwẹ́tà dání kódà tí oòrùn bá ń ràn nísàlẹ̀.

Robben Island, ẹ fi bí ìdajì ọjọ́ sílẹ̀ fún un, nítorí lọ-bọ̀ àti ìrìn inú ẹ̀ máa ń tó wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin. Ibẹ̀ ni Mandela ti lo ọdún 18 nínú ọdún 27 tó fi wà lẹ́wọ̀n, àwọn tí wọ́n sì fi sẹ́wọ̀n níbẹ̀ nígbà yẹn náà wà lára àwọn tó máa ń mú àlejò yí inú ẹ̀wọ̀n náà ká. Àárọ̀ lẹ ó lọ, kí òkun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ru.

Ní ti ibi tí ẹ máa sùn ní ìgboro: V&A Waterfront, àdúgbò etí èbúté, ló wọ́n jù, ṣùgbọ́n ẹ lè fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ lálẹ́, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Robben Island. Sea Point ni èmi máa ń fi àwọn èèyàn tó dà bíi tiyín sí, owó ibẹ̀ mọ níwọ̀n, etíkun wà tí èèyàn lè máa rìn lọ láàárọ̀, ilé oúnjẹ kún ojú títì Main Road wọn. Gardens náà dáa, ẹ̀bá Kloof Street. Camps Bay yẹn, fọ́tò ẹ̀ ló máa ń tan èèyàn jẹ! Ó rẹwà, mi ò jiyàn, àmọ́ omi òkun ibẹ̀ tutù bíi yìnyín, atẹ́gùn sì lè máa da iyanrìn sí yín lójú, tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ jáde lọ jẹun níbòmíì lálẹ́ ẹ máa wọ mọ́tò ni. Ẹ lọ jẹun níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó tó. Kẹ́ ẹ tó sanwó hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá oúnjẹ àárọ̀ wà nínú ẹ̀, bóyá ẹ́síì wà ní yàrá torí ilé àlejò mìíràn ò ní, àti ọjọ́ tí ẹ lè káńsù dà tí wọn ò ní jẹ owó yín. Kí ẹ sì wo ọjọ́ dáadáa: nínú oṣù kẹta, ọjọ́ Sunday kejì lọ́pọ̀ ìgbà, eré kẹ̀kẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Cape Town Cycle Tour máa ń wáyé, 109 kìlómítà, wọ́n á ti ọ̀nà pa, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì á kún, owó á gòkè. Tó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ yẹn lẹ yàn, ẹ yan ọ̀sẹ̀ míì.

Lálẹ́, ẹ fi Uber tàbí Bolt jáde, kódà tí ibi tí ẹ ń lọ ò bá jìnnà. Ẹ má máa na fóònù síta lójú títì.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ mọ́tò. Òfin South Africa ní dírẹ́bà ò gbọ́dọ̀ ní tó 0.05 gíráàmù ọtí nínú 100 mìlílítà ẹ̀jẹ̀, ìyẹn kéré gan-an, torí náà ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ ń mu, ẹ má ronú kan sítíà rárá. Ọkọ yín tí kì í mu lè wà á, òfin ò dí i lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, àyájọ́ ìgbéyàwó tiẹ̀ náà ni. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbẹ̀, ọ̀nà tó lọ láti Stellenbosch sí Franschhoek, ìlú oko wáìnì míì, gba orí òkè Helshoogte kọjá, ó ń kọ́ lọ kọ́ bọ̀, ẹ̀yin á máa pariwo “wo òkè yẹn, wo oko yẹn”, òun á máa wo kọ́nà. Ohun tí mo máa ń ṣe fún àwọn ẹni mẹ́rin ni pé mo máa ń gba dírẹ́bà pẹ̀lú mọ́tò fún ọjọ́ tí wọ́n bá kúrò ní ìgboro, á gbé ẹrù wọn, á gbà wọ́n kọjá ní Stellenbosch, á já wọn sí Franschhoek nírọ̀lẹ́. Tẹ́ ẹ bá pín owó ẹ̀ sọ́nà mẹ́rin, ẹ máa rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ ju háyà mọ́tò àti epo àti ìnáwó páàkì lọ.

Ọjọ́ kejì, ẹ wọ Wine Tram ti Franschhoek. Tíràmù ni, ó sì ní bọ́ọ̀sì tó ń parí ọ̀nà fún un, láti ọdún 2012 ló ti wà. Ọ̀nà oríṣiríṣi ló ní, ẹ máa yan ọ̀kan, ẹ máa sọ̀ ní oko tó bá wù yín, ẹ máa dúró díẹ̀, ẹ máa wọ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, owó ìrìn nìkan ni o, owó tí wọ́n ń gbà láti tọ́ wáìnì wò ní oko kọ̀ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni. Ẹ ra á sílẹ̀ torí ó máa ń tán, kẹ́ ẹ sì mú ti àárọ̀, torí ọ̀pọ̀ oko ló máa ń ti ibi ìtọ́wò wọn láago mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Oko mélòó lójúmọ́? Mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ ṣe márùn-ún, gbogbo èèyàn ló ń fẹ́ ṣe márùn-ún. Oko kan máa ń da oríṣi wáìnì márùn-ún tàbí mẹ́fà fún yín, díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ gíláàsì, tẹ́ ẹ bá fi máa dé oko kẹrin ahọ́n ti kú, Pinotage, wáìnì pupa wọn kan, àti omi ò yàtọ̀ síra mọ́. Bí wọ́n bá da á fún yín, ẹ tẹ gíláàsì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ lókè nǹkan funfun kẹ́ ẹ wo àwọ̀ ẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n yí, ẹ gbóòórùn ẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó fi sẹ́nu. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan máa wà lórí tábìlì, ìtutọ́ ni wọ́n gbé e síbẹ̀ fún, ẹ tu èyí tí kò bá wù yín dànù, ẹnikẹ́ni ò ní wò yín bí aláìmọ̀wàhù, àwọn tó mọ wáìnì jù gan-an ló ń tu ú jù. Ìgbà tí ẹ ń lọ yẹn sì ni wọ́n ń kórè, láti oṣù kìíní dé oṣù kẹrin, ẹ lè bá wọn lẹ́nu iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń da àjàrà kalẹ̀.

Tí èyí tó dùn bá ni ẹ fẹ́ràn, ẹ sọ fún ẹni tó ń da á fún yín kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má tijú, torí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kì í dùn ṣúgà. Èyí tó dùn tó lókìkí jù, Constantia ló ti wá, wọ́n ní Napoleon ń mu ú nígbà tó wà ní ìgbèkùn ní St Helena. Constantia ò jìnnà, inú Cape Town níbẹ̀ ni, oko Groot Constantia ti wà láti ọdún 1685, torí náà ọjọ́ tí atẹ́gùn bá lé yín kúrò lórí òkè, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọrí sí. Pinotage tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ni wọ́n ṣẹ̀dá ẹ̀ fúnra wọn, ní Stellenbosch lọ́dún 1925, oríṣi àjàrà méjì, Pinot Noir àti Cinsaut, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Abraham Perold pa pọ̀ láti fi mú un jáde. Ẹ tọ́ ọ wò ní oko méjì ó kéré tán kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ ò fẹ́ràn ẹ̀.

Ọkọ yín ńkọ́? Kò ní sú u. Ní Fairview, lẹ́bàá Paarl, ewúrẹ́ ń gun àtẹ̀gùn ilé gogoro tí wọ́n kọ́ fún un, wàràkàṣì wọn sì dáa. Babylonstoren ní ọgbà tí èèyàn lè rìn fún wákàtí méjì, owó ìwọlé wà níbẹ̀ ṣá. Tó bá fẹ́ràn mọ́tò, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mọ́tò àtijọ́ kan wà lẹ́bàá Franschhoek, Franschhoek Motor Museum, ẹ gba àyè sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ. Ọ̀pọ̀ oko ló tún ní omi èso àjàrà tí kò ní ọtí nínú, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń búùkù.

Oúnjẹ: tábìlì tó ṣe pàtàkì jù, ẹ gbà á ní oṣù méjì sí mẹ́ta sílẹ̀, wọ́n lè gba owó àsansílẹ̀ lórí káàdì, tẹ́ ẹ bá pẹ́ káńsù ẹ ò ní rí i gbà mọ́. Ọ̀kan tó lórúkọ ní ìgboro, ọ̀kan ní oko, ó ti tó, ẹ jẹ́ kí alẹ́ yòókù ṣófo. Ẹ tètè lọ jẹ oúnjẹ alẹ́, torí ilé ìdáná wọn máa ń tètè tì. Típù, 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ wo bíìlì dáadáa tẹ́ ẹ bá pọ̀, wọ́n lè ti fi kún un. Ní Bo-Kaap ẹ jẹ bobotie, ẹran lílọ̀ tí wọ́n po mọ́ èròjà kọ̀rí tí wọ́n da ẹyin lé lórí tí wọ́n wá yan, ìrẹsì aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Kò ta, ẹ má retí ata. Àdúgbò Mùsùlùmí ni, ẹ má bèèrè wáìnì níbẹ̀.

Àwọn ìgò tí ẹ máa rà, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e wọ báálù lọ́wọ́, inú àpótí tí ẹ ń fi sílẹ̀ ló máa lọ, ìgò kan tó kún sì ju kìlò kan lọ dáadáa. Ẹ bèèrè fún páálí tó ní fóòmù nínú ní oko tí ẹ ti rà á, ẹ mọ iye kìlò tí báálù fún yín, kẹ́ ẹ sì wo iye ìgò tí àwọn aṣọ́bodè ibi tí ẹ ń padà sí gbà fún ẹnì kan. Àpótí ọkọ yín ló máa fúyẹ́ jù, ẹ tètè bẹ̀ ẹ́ láti ilé.