Ọmọ tí kì í sùn lóru látìgbà kónílé-ó-gbélé: ẹ má dúró pé á lọ fúnra ẹ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ẹ béèrè bóyá kẹ́ ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ yín obìnrin tí oorun kì í kùn lóru látìgbà Kòrónà, àbí kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá. Mo mọ ohun tójú yín ń rí. JSS3 lọmọ mi ọkùnrin wà nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé pa lóṣù kẹta ọdún 2020, Agége la sì ń gbé.

Níbẹ̀rẹ̀, ó dùn mọ́ ọn, kò sí jíjí ní kùtùkùtù. Oṣù kẹrin lọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ẹ rántí One Million Boys, àwọn ọmọ ìta tí wọ́n ní wọ́n ń jalè káàkiri àdúgbò? Àwọn ará Island lè má mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwa tá a wà ní Agége, Fágbà àti Ìyánà-Ìpájà kò sùn. Táyà ń jó lójú títì, àwọn bàbá gbé àdá, wọ́n gbé igi, ẹnì kan á figbe ta pé wọ́n ti dé, gbogbo àdúgbò á dìde. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló jẹ́ àhesọ, WhatsApp ló ń gbé e kiri. Ilẹ̀ á mọ́, àwa àgbà á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ń sùn lọ́sàn-án, ó ń ṣọ́ ilé lóru. Á yẹ ilẹ̀kùn wò, á dùbúlẹ̀, á tún dìde lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Inú ń run ún, ó ń bínú sódì, ọmọ tó ti tó yẹn tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Lórí rédíò, ká fọwọ́, ká wọ ìbòmú ni ṣáá. Ta ló dárúkọ ọkàn ọmọ?

Wọ́n ní tó bá ti padà sílé ìwé á lọ. Wọ́n wọlé ní 21 September. Oṣù kan ò tíì pé tí ọ̀rọ̀ EndSARS, ìwọ́de lórí àwọn ọlọ́pàá SARS, fi dé, ìjọba tún ní kónílé-ó-gbélé ní 20 October, ni gbogbo ẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Olùdámọ̀ràn ilé ìwé ní ọ̀lẹ ni. Dókítà tá a kọ́kọ́ rí ò tiẹ̀ wojú ọmọ, ibà àti táífọ́ọ̀dù ló kọ sílẹ̀, oògùn lórí oògùn. Ìwé ńlá, ìbéèrè kékeré ò sí. Ẹni tó wá tọ́jú ẹ̀ lẹ́yìn náà bi í pé, "Kí lo máa ń gbọ́ lóru?" Ọmọ bú sẹ́kún.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Yábàá bà yín lẹ́rù. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá ní ẹ̀ka tọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Òṣòdì, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọrí sí. LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà náà ní dókítà ọpọlọ. Ẹ tètè jí, ẹ gba káàdì, ẹ mọ ìyókù. Ọ̀rọ̀ sísọ ló pọ̀ jù nínú ìtọ́jú tiwa, pẹ̀lú jíjáde díẹ̀díẹ̀: dé gẹ́ẹ̀tì, dé títì, kó tó wá di òde alẹ́. Kò yára rárá, ó gba àkókò.

Ẹ tún gbọ́ o. Àdúrà dáa, èmi náà ń gbà á, àmọ́ ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ de ọmọ mọ́lẹ̀ tàbí nà án, ẹ sá níbẹ̀. Tó bá sì sọ pé ayé ti sú òun, ẹ má kà á sí àwàdà. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó apakòkòrò àti gbogbo oògùn inú ilé pamọ́, kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Áà, fóònù. Ẹ má gbà á pátápátá, ibẹ̀ làwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wà. Alẹ́ ni kẹ́ ẹ máa gbà á, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo gúrúùpù àdúgbò tí wọ́n ti ń fi fídíò olè àti ìjà ránṣẹ́ lóru.